Ajá Ń Gbó, Wọ́n Ní Kí Ó Dákẹ́: Bí Àwọn Ará Debian Ṣe Ń Wá Àṣìṣe Inú Ètò Kọ̀ǹpútà

Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá kò tó nǹkan lójú ẹ̀dá. Kò sí ẹni tí yóò pariwo pé ilẹ̀kùn ilé òun fi ìdajì ìṣẹ́jú àáyá pẹ́ kí ó tó ṣí. Ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Kẹta ọdún 2024, ọkùnrin kan ṣàkíyèsí irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò sì jẹ́ kí ó kọjá lọ bẹ́ẹ̀. Andres Freund ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Jámánì ni, ó ń gbé ní ìlú San Francisco ní Amẹ́ríkà, ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ Microsoft, ó sì wà lára àwọn tí ń kọ PostgreSQL, ètò tí àwọn ilé iṣẹ́ fi ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wọn.

Kì í ṣe olè ni Freund ń wá. Ó fẹ́ wọn bí PostgreSQL ṣe yára tó lórí Debian, ọ̀kan lára àwọn àkójọ ètò Linux tí ó ti pẹ́ jù lọ. Kí òṣùwọ̀n má baà ṣì í lọ́wọ́, ó ní láti rí i dájú pé ètò mìíràn kò máa jẹ nínú agbára kọ̀ǹpútà náà. Ibẹ̀ ni ó ti rí i pé SSH, ètò tí a fi ń wọ inú kọ̀ǹpútà láti òkèèrè, ń lo agbára ju bí ó ti yẹ lọ. Àní ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé, tí ó yẹ kí SSH lé padà lójú ẹsẹ̀, ń pẹ́ lẹ́nu ọ̀nà kí ó tó gba èsì. Freund wọ̀n ọ́n: ohun tí ó ń gba ìṣẹ́jú àáyá 0.299 tẹ́lẹ̀ ti di 0.807. Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Freund bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀.

Ibi tí ìwádìí náà já sí ya àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà lẹ́nu káàkiri àgbáyé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ṣe lè gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ olè ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí Debian jẹ́, bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ẹ̀sùn àṣìṣe níbẹ̀, àti àṣìṣe ńlá kan tí àwọn fúnra wọn ti ṣe rí ní ọdún méjìdínlógún ṣáájú.

Linux fúnra rẹ̀, èyí tí Linus Torvalds ọmọ Finland bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991, kì í ṣe odindi ohun tí ènìyàn lè jókòó tì kí ó sì máa bá iṣẹ́ lọ. Ọkàn ni, ọkàn nìkan kò sì lè dá rìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ lò ó nílò ètò tí ń gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà, èyí tí ń tẹ̀wé, èyí tí ń lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún mìíràn tí àwọn ènìyàn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kọ ní orílẹ̀-èdè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ se ọbẹ̀ kì í dá oko ata, kí ó dá oko ẹ̀fọ́, kí ó sì tún máa fún epo fúnra rẹ̀. Ọjà ni yóò lọ. Àkójọ Linux ni ọjà náà. Àwọn olùtọ́jú rẹ̀ a máa kó ètò jọ láti ibi gbogbo, wọn a yẹ̀ wọ́n wò, wọn a dì wọ́n ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀ kí èyí má baà ta ko ìyẹn, wọn a sì gbé wọn fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ láìgba kọ́bọ̀.

Ian Murdock ni ó dá Debian sílẹ̀ ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹjọ, ọdún 1993. Nígbà tí ẹ̀dà kejìlá rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, ìdìpọ̀ ètò tí ó wà nínú rẹ̀ lé ní 64,000. Àwọn tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn ni ó ń tọ́jú wọn, láti ìlú kan sí òmíràn, lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Inú Debian ni àwọn àkójọ mìíràn ti ń mu omi, Ubuntu sì ni ó gbajúmọ̀ jù nínú wọn. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e: àṣìṣe tí ó bá wọ Debian kì í pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà Linux ni ó sì ń gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ojú ewé tí ènìyàn ń ṣí lórí íntánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́. Kódà, ọkàn Linux ni ó wà nínú fóònù Android tí ó kún ọwọ́ tèwe tàgbà. Nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ohun tó ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ṣe.

Àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà a máa pe àṣìṣe inú rẹ̀ ní kòkòrò. Orúkọ náà ti wà lẹ́nu àwọn ẹlẹ́rọ kí kọ̀ǹpútà tó dé, ṣùgbọ́n ìtàn tí wọ́n fẹ́ràn jù ni ti ọdún 1947, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ tí ń lo ẹ̀rọ Mark II ti Yunifásítì Harvard bá àfòpiná kan tí ó há sínú ẹ̀rọ náà. Wọn kò kàn jù ú nù. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ wọn, wọ́n sì kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn rí dì mú nínú ìtàn náà ni ìwé yẹn: ẹni tí ó pa kòkòrò láìkọ ibi tí ó ti rí i sílẹ̀ yóò tún pa á lọ́la.

Debian ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ian Jackson ni ó kọ ètò tí ń tọ́jú rẹ̀, láti ìgbà tí Debian ṣì kéré. Ẹnikẹ́ni ní ibikíbi ni ó lè fi lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ láti ròyìn ohun tí kò dára. Kò nílò láti forúkọ sílẹ̀, kò sì nílò láti mọ ẹnikẹ́ni. Bí lẹ́tà náà bá ti dé, ẹ̀sùn rẹ̀ yóò gba nọ́ńbà, nọ́ńbà náà yóò sì wà títí láé. Gbogbo ohun tí olùtọ́jú àti olùfisùn bá bá ara wọn sọ yóò wà lábẹ́ nọ́ńbà yẹn, ní gbangba, kí ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá lè kà á. Ìwọ̀n méje ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí ẹ̀sùn ṣe wúwo tó, láti orí ìfẹ́ ọkàn lásán títí dé orí èyí tí ó lè ba odindi kọ̀ǹpútà jẹ́. Mẹ́ta tí ó wúwo jù nínú wọn lágbára láti dá ìdìpọ̀ dúró kí ó má lè tẹ̀ síwájú lọ sínú ẹ̀dà tí gbogbo ènìyàn ń lò. Nínú májẹ̀mú tí Debian bá àwùjọ dá ní ọdún 1997, ọ̀kan nínú ìlérí rẹ̀ ni pé òun kò ní fi ìṣòro pamọ́.

Ṣùgbọ́n gbígba ẹ̀sùn kò tíì tó. Iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀ nígbà tí olùtọ́jú bá jókòó tì í. Ohun àkọ́kọ́ ni láti mú kí àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀ lójú òun náà, nítorí àrùn tí oníṣègùn kò rí kò rọrùn láti wò. Ohun kejì ni láti mọ ìgbà tí ó wọlé. Bí ètò kan bá dára ní ọdún tó kọjá, tí ó sì bàjẹ́ lónìí, tí a sì ti yí i padà nígbà ẹgbẹ̀rún kan láàárín méjèèjì, olùtọ́jú kò ní láti yẹ gbogbo ẹgbẹ̀rún náà wò. Yóò dán èyí tí ó wà láàárín wò. Bí ó bá dára, a jẹ́ pé ìdajì kejì ni ẹlẹ́bi wà. Bí ó bá bàjẹ́, ìdajì àkọ́kọ́ ni. Yóò máa pín in sí méjì bẹ́ẹ̀, ìdánwò bíi mẹ́wàá péré yóò sì mú un dé orí ìyípadà kan ṣoṣo tí ó dá ìjọ̀gbọ̀n sílẹ̀. Ohun kẹta ni ó le jù: láti mọ ìdí tí ìyípadà náà fi ba nǹkan jẹ́. Ibí yìí ni sùúrù ti máa ń tán. Ẹni tí ó bá ti rí i pé ariwo dáwọ́ dúró a máa rò pé iṣẹ́ ti parí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2006 nìyẹn. Ètò kan wà tí ń jẹ́ Valgrind, tí iṣẹ́ rẹ̀ dà bí ti ajá tí ń ṣọ́ ilé. Bí ètò mìíràn bá ń ṣiṣẹ́, Valgrind yóò máa tẹ̀ lé e. Bí ó bá rí i pé ètò náà ń ka ibi tí kò tíì kọ ohunkóhun sí nínú ìrántí kọ̀ǹpútà, yóò gbó. Ní ọdún náà, Valgrind ń gbó mọ́ OpenSSL, àwọn ènìyàn sì fi ẹ̀sùn rẹ̀ sun Debian. OpenSSL ni ètò tí ń rọ kọ́kọ́rọ́ tí àwọn kọ̀ǹpútà fi ń ti ilẹ̀kùn ọ̀rọ̀ àṣírí. Nọ́ńbà gígùn ni kọ́kọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, agbára rẹ̀ kan ṣoṣo sì ni pé kò sí ẹni tí ó lè mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Kí ó má baà ṣeé mọ̀, OpenSSL a máa ṣa èérún nǹkan jọ láti oríṣiríṣi ibi nínú kọ̀ǹpútà, a sì máa rò wọ́n pọ̀ bí ẹni ro àmàlà. Lára ohun tí ó ń ṣà ni ohunkóhun tí ó bá ṣẹ́ kù sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ nǹkan sí. Ìyẹn ni ajá rí tí ó fi gbó.

Olùtọ́jú OpenSSL ní Debian kì í ṣe aláìbìkítà. Ó béèrè lọ́wọ́ àwọn tí ń kọ OpenSSL fúnra wọn, èsì tí ó sì gbà kò dá a lọ́wọ́ kọ́. Ó wá yọ ìlà méjì kúrò. Ajá dákẹ́. Inú àwọn olùfisùn dùn, wọ́n sì pa ẹ̀sùn náà dé.

Ṣùgbọ́n ìlà méjì náà kì í ṣe ọgbọọgba. Yíyọ ọ̀kan kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Ìkejì ni ọwọ́ tí ń da gbogbo èlùbọ́ sínú ìkòkò. Nígbà tí ó kúrò, OpenSSL ń ro omi lásán. Ohun kan ṣoṣo tí ó kù tí ó lè mú kí kọ́kọ́rọ́ kan yàtọ̀ sí òmíràn ni nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà ń fún ètò nígbà tí ètò náà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nọ́ńbà náà kò sì lè ju 32,768 lọ. Kọ́kọ́rọ́ tí ó yẹ kí ó pọ̀ ju yanrìn etí òkun lọ ti di ohun tí olè lè jókòó rọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì máa dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu ilẹ̀kùn onílé.

Ìdìpọ̀ tí ó ní àléébù yìí jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2006. Ó di ọjọ́ 13, oṣù Karùn-ún, ọdún 2008 kí Debian tó kéde rẹ̀, lẹ́yìn tí Luciano Bello, ọmọ Argentina tí òun náà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ti rí i. Ogún oṣù ni. Ubuntu pẹ̀lú kò yọ. Dídá ìlà tí wọ́n yọ padà kò le. Ohun tí ó le ni pé kọ́kọ́rọ́ tí a ti rọ kò lè tún ara rẹ̀ rọ. Gbogbo ẹni tí ó rọ kọ́kọ́rọ́ sórí Debian láàárín ogún oṣù yẹn ní láti kó wọn dànù, títí kan àwọn tí wọ́n ti gbé lọ sórí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe ti Debian. Debian fúnra rẹ̀ ní láti tẹ àkójọ àwọn kọ́kọ́rọ́ aláìlágbára náà jáde kí àwọn ènìyàn lè fi ti ọwọ́ wọn wé e. Wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà bò. Ohun gbogbo, láti orí ẹ̀sùn àkọ́kọ́ dé orí ìjẹ́wọ́, ṣì wà nínú ìwé wọn títí di òní.

Àwọn àgbà sọ pé ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ní ti ọ̀rọ̀ yìí, ọdẹ ni kò gbọ́ ohun tí ajá ń wí. Ajá sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀, wọ́n sì dá a lóhùn pé kí ó dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó béèrè pé kí ni ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣe kí wọ́n tó yọ ọ́.

Nígbà tí Freund bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀ ní ọdún 2024, ohun kan tí ó rántí ni gbígbó ajá kan náà. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ṣáájú, nínú ìdánwò tí PostgreSQL ń ṣe fúnra rẹ̀, Valgrind ti gbó lọ́nà tí kò yé e, lẹ́yìn tí ó gba àwọn ìdìpọ̀ tuntun. Lọ́jọ́ yẹn kò rí ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbàgbé. Nísinsìnyí, nígbà tí ó wo ibi tí SSH ń fi agbára kọ̀ǹpútà ṣòfò sí, ó bá a nínú xz, ètò tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti fún fáìlì ńlá pọ̀ kí ó lè kéré. Ọ̀rọ̀ di ọ̀rọ̀. Kí ni ẹni tí ń fún fáìlì pọ̀ ń wá lẹ́nu ọ̀nà tí a fi ń wọlé?

Bí xz ṣe débẹ̀ kò ṣòro láti ṣàlàyé. Debian, bíi àwọn àkójọ mìíràn kan, fi díẹ̀ kún SSH kí ó lè sọ fún ètò tí ń darí kọ̀ǹpútà pé òun ti jí. Ètò adarí yẹn ń lo xz. SSH kò bá xz ṣọ̀rẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń bá xz rìn, xz sì bá ọ̀rẹ́ wọlé. Freund kọ́kọ́ rò pé ọ̀dọ̀ Debian ni ẹnìkan ti ba ìdìpọ̀ náà jẹ́. Nígbà tí ó túbọ̀ walẹ̀, ó rí i pé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń kọ xz gan-an ni ó ti wá. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà fi í pamọ́ fi hàn pé ẹni tí ó ṣe é kì í ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo ayé ni ó lè ka kóòdù xz, nítorí náà wọn kò fi í sí ibi tí ojú ń wò. Wọ́n tò ó sínú àwọn fáìlì tí a fi ń ṣe ìdánwò, àwọn fáìlì tí ó yẹ kí ó rí wúruwùru, tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Ìlà tí yóò jí i dìde kò sì sí nínú kóòdù tí gbogbo ènìyàn ń rí. Inú ẹrù tí wọ́n dì fún àwọn àkójọ Linux nìkan ni ó wà. Bí ó bá jí, ẹni tí ó ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí kan lọ́wọ́ lè gba SSH kọjá, kí ó sì pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà náà bí ẹni pé òun ni ó ni ín.

Ẹni tí ó ṣe é ń jẹ́ Jia Tan, ó kéré tán orúkọ tí ó ń lò nìyẹn. Kò sí ẹni tí ó ti fojú rẹ̀ hàn. Láti ọdún 2021 ni ó ti ń fi àtúnṣe kéékèèké ránṣẹ́ sí xz. Lasse Collin, ọmọ Finland tí ó dá xz sílẹ̀, ni ó ń dá tọ́jú rẹ̀ láìgba owó. Ní ọdún 2022, àwọn orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí bẹ̀rẹ̀ sí í dà á láàmú pé ó lọ́ra, pé kí ó fa iṣẹ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Collin ṣàlàyé pé ìlera ọkàn òun kò fi bẹ́ẹ̀ dára, àti pé iṣẹ́ tí kò mówó wá ni. Kò sí ẹni tí ó wá ràn án lọ́wọ́ àfi Jia Tan. Bí ó ṣe di olùtọ́jú kejì nìyẹn. Nínú oṣù Kejì ọdún 2024 ni ẹ̀dà 5.6.0 jáde, tòun ti májèlé nínú rẹ̀.

Májèlé náà ní àléébù tirẹ̀: ó ń mú kí Valgrind gbó. Nígbà tí àwọn ènìyàn ròyìn rẹ̀, Jia Tan gbé ẹ̀dà 5.6.1 jáde nínú oṣù Kẹta láti pa ajá lẹ́nu mọ́. Ní ọjọ́ díẹ̀ kí àṣírí tó tú, ẹnìkan kọ̀wé sínú ìwé ẹ̀sùn Debian pé kí wọ́n tètè gba ẹ̀dà tuntun náà wọlé. Àwọn orúkọ mìíràn tí a kò gbúròó wọn rí dara pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n ní ariwo Valgrind ń dí àwọn lọ́wọ́ iṣẹ́, pé ẹ̀dà tuntun yóò yanjú rẹ̀. Ìwé tí a ṣí sílẹ̀ kí olóòótọ́ lè sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ ni òpùrọ́ ń lò. Ohun tí wọ́n sì ń bẹ Debian fún ni ohun tí Debian fúnra rẹ̀ ti ṣe ní ọdún 2006 láìsí ẹni tí ó tì í: ẹ jẹ́ kí ajá dákẹ́.

Ìyàtọ̀ tí ó wà nínú ọdún méjèèjì kò ju pé, lẹ́ẹ̀kejì, ẹnìkan rántí gbígbó náà, ó sì wá ìdí rẹ̀ dé òpin. Freund kọ́kọ́ ta àwọn tí ń ṣọ́ ààbò Debian lólobó ní ìdákẹ́jẹ́. Ní ọjọ́ 29, oṣù Kẹta, ọjọ́ Ẹtì tí ó ṣáájú ọdún Àjíǹde, ó gbé e jáde fún gbogbo ayé. Ìròyìn tí ó kọ yẹ ní kíkọ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi ẹ̀sùn sun ni. Ó sọ ohun tí ó rí, ó fi nọ́ńbà tì í, ó sọ bí ẹlòmíràn ṣe lè rí ohun kan náà, ó sì sọ ní gbangba pé òun kì í ṣe ọ̀mọ̀ràn nínú ọ̀ràn ààbò, pé àwọn ibì kan ṣì wà tí kò tíì yé òun. Kò fi kún un, kò yọ kúrò.

Debian kò fi àtúnṣe lé májèlé lórí. Wọ́n padà sí kóòdù àtijọ́ tí wọ́n mọ̀ pé ó mọ́, ẹ̀dà 5.4.5. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í gba nọ́ńbà tí ó kéré gẹ́gẹ́ bí ohun tuntun, nítorí náà wọ́n sọ ìdìpọ̀ náà ní 5.6.1+really5.4.5-1, bí ẹni ń wí pé: orúkọ rẹ̀ ni èyí, ṣùgbọ́n ní tòótọ́, ìyẹn ni. Ẹ̀dà Debian tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò kò tíì gba ìdìpọ̀ búburú náà wọlé. Ẹ̀dà àwọn tí ń dán nǹkan wò ni ó dé. Ubuntu fi ọ̀sẹ̀ kan sún ẹ̀dà ìdánwò tí ó ń múra sílẹ̀ fún síwájú kí wọ́n lè tún gbogbo ìdìpọ̀ inú rẹ̀ dì. Àìtètèmólè, olè ń mólóko. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n tètè mú un, ó ku díẹ̀.

Ìbéèrè tí ó kù ni ti Collin. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ilé iṣẹ́ ń jẹ nínú iṣẹ́ tí ẹnìkan ń dá ṣe ní yàrá rẹ̀, kò sì sí èyí tí ó béèrè bí ara rẹ̀ ṣe le tó, títí ọ̀tá fi wá pe ara rẹ̀ ní olùrànlọ́wọ́. Kò sí ìwé ẹ̀sùn tí ó ní nọ́ńbà fún àárẹ̀ olùtọ́jú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìyẹn gan-an ni ihò tí olè gbà wọlé. Kóòdù tí ó kọ lẹ́yìn náà kàn jẹ́ ẹrù tí ó gbé gba ihò yẹn kọjá ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ń ka èdè Yorùbá pẹ̀lú. Bọ́tìnì ìkọ̀wé Yorùbá wà nínú àwọn ètò Linux, orúkọ ọjọ́ àti oṣù ní Yorùbá sì wà nínú wọn. Ẹnìkan ni ó jókòó kọ wọ́n sí i. Síbẹ̀ èdè náà ní ìṣòro tí ẹni tí ń gbé ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà kò lè rí. Lẹ́tà tí ó ní àmì lórí tí ó sì tún ní àmì nísàlẹ̀, bíi ẹ́ tàbí ọ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo nínú ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú lẹ́tà. Ó kéré tán, ìpín méjì ni kọ̀ǹpútà ń so pọ̀. Bí ètò kan kò bá mọ èyí, àmì ohùn yóò máa fò lójú afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà rẹ̀, tàbí kí ènìyàn wá ọ̀rọ̀ kan nínú ìwé tí ó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, kí kọ̀ǹpútà sì sọ pé kò sí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó bá irú èyí pàdé a máa mí kanlẹ̀, wọn a sì yọ àmì náà kúrò. Àwọn náà ti pa ajá lẹ́nu mọ́ nìyẹn. Ọmọ tó bá ká apá rẹ̀ sókè ni a ń gbé: olùtọ́jú ìdìpọ̀ lókè òkun kò lè tún ohun tí ẹnikẹ́ni kò ròyìn fún un ṣe. Kò gbà ju lẹ́tà kan tí ó sọ ohun tí ènìyàn tẹ̀, ohun tí ó yẹ kí ó rí, àti ohun tí ó rí.

Freund kò mọ̀ pé olè ni òun ń lé nígbà tí ó wọn ìdajì ìṣẹ́jú àáyá yẹn. Ohun tí ó mọ̀ ni pé lánàá kò rí bẹ́ẹ̀, pé kò sì sí ẹni tí ó tíì sọ ìdí rẹ̀ fún òun. Ẹni tí ó bá gbọ́ tí ajá ń gbó lóru lè ju òkúta lù ú kí ó lè padà sùn. Ó sì lè gbé fìtílà kí ó jáde lọ wo ẹ̀yìnkùlé.